Ìdọ̀bálẹ̀ Mi Nítorí Ọ̀kadà Tí N Kò Jí

Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́. Wọ́n jí ọ̀kadà ọmọkùnrin kan tó jẹ́ aládùúgbò mi gbé nínú àgbàlá wa ní Koumassi Remblais, ní Abidjan níbí, èmi tí n kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ sì lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọmọkùnrin náà láàárọ̀. Mo ní, "Pardon, jọ̀ọ́, forí jì wá." Òmùgọ̀ àgbà!

Nílẹ̀ Yorùbá tí mo ti wá, bí aburú bá ṣẹlẹ̀ lágboolé, àgbà ibẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀, yálà ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Èmi sì ni àgbà àgbàlá wa. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni ọmọkùnrin náà, ọ̀kadà yẹn ló fi ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn olówó àdúgbò Cocody. Ó wò mí nílẹ̀ níbẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jókòó ti tẹlifíṣàn. Abidjan ni wọ́n bí i sí. Bí mo bá sọ Yorùbá, ó máa ń fi Faransé lú èsì rẹ̀, Tonton ló sì ń pe èmi àbúrò òbí rẹ̀. Eré ilé ẹjọ́ ni à ń wò, irú èyí tí wọ́n ń pa èèyàn níbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á wá fi ìyókù wá ẹni tó pa á. Wọ́n mú ọkùnrin kan tó lọ kúnlẹ̀ bẹ ìyá òkú. Lọ́yà na ìka sí i: "Bí ọwọ́ rẹ bá mọ́, kí lo ń bẹ̀bẹ̀ fún?"

Mo yíjú sí ọmọ náà, mo bi í léèrè.

"Ṣé wọ́n á dá a sílẹ̀?"

"Tonton, ẹ jẹ́ n gbọ́ràn, á à!"

Wọn ò dá a sílẹ̀. Ẹ̀wọ̀n gbére ni.

Mo wá rántí géètì wa tí wọ́n gbé ọ̀kadà náà gbà jáde. Wẹ́dà ni mí, èmi ni mo jó géètì náà, èmi ni mo ṣe ibi tí àgádágodo ń wọ̀. Ta ló tún mọ̀ ọ́n ṣí jù mí lọ? Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mo ro ẹjọ́ yìí dójú ẹ̀: bó bá jẹ́ èmi ni adájọ́, màá sọ ara mi sẹ́wọ̀n.

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. "Film ni o, Tonton! Ṣé ẹ̀yin lẹ jí i ni?"

"Rárá."

"Alors, kí wá lẹ ń gbọ̀n fún?"

Mo ní òtútù ni. Òtútù, ní Abidjan!

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo di ọṣẹ, kànrìnkàn àti sálúbàtà sínú ọ̀rá, torí wọ́n mú ọkùnrin inú eré yẹn lọ láìwọ bàtà. Bí mo ṣe ń dì í ni ọmọkùnrin ọlọ́kadà náà kan ilẹ̀kùn.

"Vieux père, bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sí commissariat, lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Ọmọ mi, n kò jí ọ̀kadà. Mo kàn dọ̀bálẹ̀ ni!"

Ó wò mí bí ẹni tó rí ewúrẹ́ lórí igi. "Ta ló ní ẹ jí i? Bàbá mi wà lábúlé, mo sì ń wá àgbà tó máa dúró tì mí."

"Ó ṣe wá jẹ́ èmi?"

"Gbogbo àgbàlá ló bá mi ṣépè fún olè lánàá," ó ní, "olè náà lè wà láàárín wọn. Ẹ̀yin nìkan lẹ rántí pé èmi lọ̀ràn ṣe."