Àrọ̀ Tí Kò Láriwo

Akàn náà bu ìyá àgbà jẹ ní ìka, ó sì jù ú padà sódò tòun ti èébú. "Máa lọ! Ìwọ kọ́ là ń wá. Ta ló ń kó oníjà ti ojo?" Ó fẹ́ atẹ́gùn sí ìka náà, ó tún tẹ ọwọ́ bọ inú agbọ̀n tí èmi àti àbúrò mi fi gbọ́n ẹrẹ̀. Odò kékeré tó wà lọ́nà Masẹ̀ la bá a lọ, òórùn ewé jíjẹrà sì gba gbogbo ibẹ̀. Ẹni tí yóò bá àwọn ẹja àbúrò mi gbé ló wá yàn.

Inú àmù ńlá tó ń gba omi òjò lẹ́yìn ilé ni àwọn ẹja náà wà. Wọ́n kéré gan-an. Wọ́n ń bá wa jẹ tanwíjí, ìdí tí ìyá àgbà fi gbà wọ́n láyè nìyẹn. Àmọ́ ojo ni wọ́n. Bí ewé kan ṣoṣo bá já bọ́ sómi, gbogbo wọn á sá sábẹ́ àpáàdì tí a rì sísàlẹ̀. Gààrí tí àbúrò mi ń bù fún wọn á rì, á jẹrà, omi á sì máa rùn. Wọ́n nílò ẹni tí yóò máa gbé ìsàlẹ̀, tí yóò máa jẹ àjẹkù, tí kò sì ní dẹ́rù bà wọ́n.

Ìṣáwùrú ni ì bá dáa jù. Ó lẹ̀ mọ́ àwọn òkúta odò lọ bẹẹrẹ, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ìdílé wa ni, kò gbọdọ̀ wọ ilé wa láéláé. Ìyá àgbà wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó gbójú kúrò. Àrọ̀ kékeré kan ló wá kù nínú agbọ̀n, kò tó ìka mi. Ìyá àgbà fọwọ́ kàn án, kò mira.

"Ẹ wo bó ṣe tutù. Kò láriwo, kò níjà. Bó bá dàgbà, ọbẹ̀ ni."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni tàńtì kan wá láti Àjàṣẹ́, ìbátan bàbá wa. Dàhòmè ni wọ́n ṣì ń pe orílẹ̀-èdè wa nígbà náà. Ìyá wa ti kú, ọwọ́ ìyá àgbà la wà, àwọn ènìyàn sì ti ń wá tọrọ àbúrò mi láti mú un lọ sí ìlú ńlá. Ìyá àgbà ti lé ọ̀kan nítorí ọtí, ó lé òmíràn nítorí ó ń jágbe mọ́ awakọ̀ tó gbé e wá. Àbúrò mi kì í lè kí àlejò láì sá sẹ́yìn ìró ìyá àgbà, ìyá àgbà kò sì lè fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ṣáá. Àmọ́ tàńtì yìí ń rọra sọ̀rọ̀ débi pé a ní láti sún mọ́ ọn ká tó gbọ́. Ó ní òun máa fi ọmọ náà sí lékóòlù, kó lè kàwé.

"Èyí tutù," ni ìyá àgbà wí. Ó dì í lẹ́rù. Àbúrò mi ò sunkún, ó kàn ní kí n máa bá òun bọ́ ẹja.

Mo ń bọ́ wọn. N kì í sábà rí wọn, mo sì rò pé wọ́n ń sá pamọ́ bí ìṣe wọn ni. Ìgbà tí ọ̀dá mú, tí omi àmù lọ sílẹ̀, ni ìyá àgbà ti apá bọ ibẹ̀, tó fa àrọ̀ náà jáde, ó ti ki tó ọrùn ọwọ́ rẹ̀. A yí àpáàdì. Kò sí ẹja kékeré kankan mọ́.

Ìyá àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Gbogbo bí mo ṣe ń yìn ín pé kò láriwo..." Ó wojú mi, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ ẹja kọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ó wé gèlè, ó sáré gba ojú títì lọ wá ọkọ̀ Àjàṣẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì ló mú àbúrò mi dé. Ọmọ náà ti rù, àpá iná sì kún ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ṣé ó máa ń jágbe mọ́ ẹ ni?" mo bi í.

"Rárá. Kò pariwo rí."

Ìyá àgbà bú sẹ́kún. "Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà níbẹ̀, ó sì wọ́!"

Kò pẹ́ sígbà náà tí ìjọba yí, tí orúkọ orílẹ̀-èdè pàápàá yí. Nígbà tí àìsàn wá dá ìyá àgbà dùbúlẹ̀, ó di àbúrò mi lọ́wọ́ mú, ó ní kó dárí ji òun. "Ẹ sùn, ìyá," ni àbúrò mi wí, ó sì fa aṣọ bò ó dé ọrùn.

Títí di òní, bí wọ́n bá yin ènìyàn fún mi pé ó tutù, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò kí n tó wo ẹnu rẹ̀. Ìyẹn kọ́ ló wúwo jù nínú ohun tí mo ń gbé kiri. Èmi nìkan ló wà níbẹ̀ tí mo gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yẹn. Mo máa ń sọ fún ara mi pé aṣọ tí àbúrò mi fà bò ó, ìdáríjì ni. Àbúrò mi ṣì wà láyé, ilé rẹ̀ ò jìnnà sí tèmi, a sì jọ ń jẹun. N kò tíì láyà láti bi í.