Àna Mi Lọ Fọ́ Òkúta Dípò Mi

Òórùn ewé gúáfà tí wọ́n ń sè ni mo fi ń rántí yàrá wa ní Atakpamé nígbà ayé àwọn Faransé. Ìyàwó mi á gbé ìkòkò kaná ní ìdájí, òórùn rẹ̀ á gba ẹnu ọ̀nà wọlé bá mi lórí ẹní, màá sì mọ̀ pé agbo kíkorò ti ń bọ̀. Àrùn inú kan ló ń jà ládùúgbò lọ́dún náà. Mo bì, mo ṣu gbuuru, débi pé ìyàwó mi ló ń wẹ̀ mí bí ọmọ ọwọ́. Ojú tì mí, àmọ́ ìtìjú yẹn kéré. Èyí tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí, n kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Bàbá ìyàwó mi gbọ́ pé ara mi kò yá, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn wá láti oko wọn lọ́nà Glei. Ọjọ́ kejì tí wọ́n dé ni olórí àdúgbò wá sọ pé iṣẹ́ ọ̀nà ìjọba ti kàn wá: ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yọ ọkùnrin kan tí yóò lọ fọ́ òkúta fún ọjọ́ mẹ́wàá lójú ọ̀nà Anié. Ilé tí kò bá rán ẹnì kan, àwọn ẹ̀ṣọ́ á wá mú baálé rẹ̀, bó tilẹ̀ ń ṣàìsàn. Bàbá wò mí, wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n ní, “Èmi ni màá lọ. Òkúta ò kúkú mọ ọjọ́ orí ẹni tó ń fọ́ ọ. Bí ara rẹ bá ti le, kí o wá gbà mí sílẹ̀.”

Ìwọ náà mọ bí nǹkan ṣe rí láàárín àna àti àna nílẹ̀ wa. Ọkọ ọmọ ló ń kọ ebè fún bàbá ìyàwó, òun ló ń bá wọn ṣán oko, òun ló ń bá wọn bo ilé. Ta ló gbọ́ pé bàbá ìyàwó lọ fọ́ òkúta nítorí ọkọ ọmọ rẹ̀? Mo fẹ́ kọ̀, àmọ́ kí n tó gbórí sókè, bàbá ti gbé àpò wọn kọ́ èjìká.

Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n lọ, ara mi yá. Inú mi rọ̀, ẹsẹ̀ mi gbé mi. Síbẹ̀ mo dùbúlẹ̀. Bí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ ìyàwó mi, màá pa ojú dé, màá di inú mú. Mo ti ṣe iṣẹ́ ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan rí, mo mọ oòrùn ibẹ̀, mo mọ pàṣán àwọn ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀rù ló bà mí, n kò ní orúkọ mìíràn tí mo lè pè é. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ fún ara mi pé ó di ọ̀la.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ìyàwó mi ti ọjà dé lójijì, ó bá mi lórí ìdúró nínú ilé ìdáná, tí mo ń fi epo jẹ iṣu sísè.

“Ara yín ti yá,” ó ní.

“Kò tíì le tán,” mo dáhùn, epo sì wà lẹ́nu mi.

Ó gbé igbá ọjà rẹ̀ wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti agbo wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní mi, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́ bí a ṣe ń ṣe fún aláìsàn. Mo mu ún. Ká ní ó bú mi ni, bóyá ǹ bá dìde kí n lọ.

Nígbà tí bàbá dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ọwọ́ wọn ti bó, òkúta ti fọ́ ìka ẹsẹ̀ wọn kan, eruku pupa wà nínú irùngbọ̀n wọn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ṣé inú náà ti fi ọ́ sílẹ̀, ọmọ mi?” Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo fẹ́ jẹ́wọ́, mo fẹ́ tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ẹkún gba ohùn mi, bàbá sì rò pé ọpẹ́ ni mo ń dá. Wọ́n fi ọwọ́ bíbó náà gbé mi dìde, wọ́n súre fún mi. N kò la ọ̀rọ̀ náà yé wọn.

Títí wọ́n fi kú, èmi ni mo ń kọ ebè wọn lọ́dọọdún, mo ń kọ tiwọn kí n tó kọ tèmi. Wọ́n á máa sọ fún àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Glei pé irú àna tí àwọn ní ṣọ̀wọ́n, ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ tó sunkún nítorí oore. Àwọn àgbà á yìn mí, ojú á sì máa tì mí. Mo ti wá mọ̀ pé èèyàn lè fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe rere, kí ó má sì tó ọjọ́ méje tó fi dùbúlẹ̀. Ìyàwó mi, tó máa ń bu omi fún àwọn àgbà náà mu, kò tú àṣírí mi lọ́jọ́ kan. Kò sì bá wọn yìn mí rí.