Owó Bàbà Tí Ìyá Mi Fọ̀

Àwọn olówó tó ń kó owó bàbà Amẹ́ríkà àtijọ́ jọ, èyí tó mọ́ kedere, tí irun obìnrin tí wọ́n yà sára rẹ̀ ṣì yọ fọ́nrán-fọ́nrán, ni wọ́n ń rà. Èyí tí ojú rẹ̀ ti pa rẹ́ ni tèmi. Kò wọ́n, kò sì sí ẹni tó ń bá mi dù ú. Ìyàwó mi ní ọkùnrin tó ń fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ wá ewé lára kọ́bọ̀, ewúrẹ́ ló yẹ kó jẹ́.

Bàbá òyìnbó kan ló kó mi sínú ẹ̀. A jọ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ń kó ẹrù pamọ́ sí ní Mulhuddart, ní Dublin níbí, kó tó fẹ̀yìn tì. Ó dàgbà tó ẹni tí mò ń pè ní “wọ́n,” ṣùgbọ́n ó ti kọ̀ kí n máa ṣe òun bí àgbà, ó ní ọ̀rẹ́ ni wá. Tí a bá jókòó mu tíì, á yọ agolo tábà kan látinú àpò, á sì da owó bàbà sórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló kó wọn ti Boston bọ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé nígbà tí Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe owó tirẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbẹ́ òǹtẹ̀, ìyẹn irin tí wọ́n fi ń lu àwòrán sára bàbà. Bí òǹtẹ̀ kan bá sán, wọ́n á gbẹ́ òmíràn, kò sì sí èyí tó jọ ìkejì rẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Lára owó kan, ṣóńṣó ewé tí wọ́n yà sẹ́yìn rẹ̀ á dúró sábẹ́ lẹ́tà. Lára òmíràn, á bọ́ sáàárín lẹ́tà méjì. Iṣẹ́ wa ni ká mọ òǹtẹ̀ tó bí èyí tó wà lọ́wọ́ wa.

Ọ̀rẹ́ mi yìí kì í parọ́ nípa ohun tí ojú rẹ̀ bá rí. Tí kò bá rí ewé, kò rí i nìyẹn. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí lórí owó tèmi kan pé kó ṣáà gbà pé irú tó ṣọ̀wọ́n ni. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní lóòótọ́ ọ̀rẹ́ ni wá, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ kì í hu ewé.

Báyìí la ṣe wà tí ìyá mi fi wá kí wa nílé wa ní Ongar láti Abẹ́òkúta. Mo ti ń retí ìbẹ̀wò yẹn tipẹ́. Àmọ́ ilé wa máa ń dá páropáro tí gbogbo wa bá ti jáde. Èmi á gba ibi iṣẹ́ lọ, ìyàwó mi á gba ọsibítù lọ ní Tallaght, àwọn ọmọ á lọ sí iléèwé. Tí àwọn ọmọ bá dé, ìyá mi á fi Yorùbá bi wọ́n ní ọ̀rọ̀, wọ́n á sì fi Gẹ̀ẹ́sì Dublin dáhùn. Ìyá mi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o, tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n irú èyí kọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọmọ. Wọ́n á jókòó ti fèrèsé, wọ́n á máa wo òjò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá a lè yí tíkẹ́ẹ̀tì wọn padà kí wọ́n lè tètè lọ. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ ìyá mi. Tí wọ́n bá fi ìdánìkanwà yẹn lọ, wọn ò ní padà wá mọ́.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan tí a ó jọ máa ṣe. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí a jẹun tán, mo kó owó bàbà mi síwájú wọn, mo sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀. Ó yé wọn kíá. Wọ́n ní, “Ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi náà nìyẹn. Kí wọ́n má kọ orúkọ sí i, mo ti mọ ẹni tó ni í.” Inú mi dùn débi pé mo mú owó kan tí kì í ṣe tèmi jáde. Ọ̀rẹ́ mi ló yá mi, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo èyí tó wà nínú agolo rẹ̀ lọ. Ojú owó náà ti pa rẹ́ débi pé ewé fúnra rẹ̀ ò sí mọ́. Àwọ̀ dúdú tó há síbi tí ewé wà tẹ́lẹ̀ ló kù. Tí a bá dẹ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi iná, á yọ fìrí. Mo ní, “Màámi, ẹ bá mi wò ó. Mi ò rí ewé yẹn dáadáa.” Ẹnu ara mi ni mo fi kó bá ara mi.

Lọ́jọ́ kejì, òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi ti to gbogbo owó náà sórí táwẹ̀lì ní kíṣìnì, owó náà sì pọ́n yòò. Nílé, eérú la fi ń kún ọsàn tí a bá fẹ́ fọ abọ́ idẹ. Wọn ò rí eérú nílé wa, torí náà wọ́n fi iyọ̀ dípò.

“Ìdọ̀tí ló bò ó,” ni wọ́n wí. “Wá wo ewé ẹ.”

Mo gbé owó ọ̀rẹ́ mi síbi iná. Ó dán bọ̀rọ́, kò sí òjìji kankan lára rẹ̀ mọ́. Inú bí mi gidigidi. Mo wọ ilé ìwẹ̀ lọ, mo ṣí omi sílẹ̀, mo dúró síbẹ̀ títí inú mi fi rọ̀ díẹ̀. Nígbà tí mo jáde, mo ní wọ́n ṣeun. Àmọ́ wọ́n ti ń wo ojú ọmọ tó ń purọ́ kí wọ́n tó bí mi, mi ò sì rí ibi sá sí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn.

Wọ́n jókòó. Wọ́n ní, “Yí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn fún mi, ọkọ mi. Mi ò ṣiṣẹ́ kankan níbí, mi ò tún gbọdọ̀ máa bà ọ́ ní nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n mo máa kọ́kọ́ lọ bẹ bàbá yẹn.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó lọ.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí wọ́n ti wọṣọ tán, torí kùtù hàì la fi ń bẹ èèyàn níbi tí wọ́n ti bí wa. Mo ní tí a bá kan ilẹ̀kùn òyìnbó ní irú àkókò yẹn, ó lè pe ọlọ́pàá. Wọ́n gbà pé ká kọ́kọ́ mu tíì, lẹ́yìn náà a wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ọ̀rẹ́ mi ní Mulhuddart. Bí ọ̀rẹ́ mi ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí, ìyá mi kúnlẹ̀. Ó rò pé òòyì ló kọ́ wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé wọn dìde, orúnkún rẹ̀ tí kò sàn há mọ́ ọn, òun náà bá wà lórí ìkúnlẹ̀. Ìyá mi ń sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú.” Ọ̀rẹ́ mi ń sọ pé, “You're grand, you're grand,” ìyẹn ni pé kò sí wàhálà. Kò sì sí ẹni tó lè dìde nínú wọn. Èmi ni mo gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, mi ò sì tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti dé Dublin.

Nígbà tí a jókòó, ọ̀rẹ́ mi fi awò wo owó náà títí. Ojú rẹ̀ korò, kò sì fi pamọ́. Ó ní kí n sọ fún ìyá mi pé ewé ti lọ, kò ní padà mọ́. Mo sọ ọ́. Ìyá mi tẹrí ba. Ó wá ní àwọ̀ nìkan ló ṣeé ṣe kó padà, tí èèyàn bá ń gbé e kiri lára, tí ọwọ́ àti òógùn ń kàn án. Ó ní àpò tòun ò lọ síbì kankan mọ́ ju ṣọ́ọ̀bù lọ. Ló bá na owó náà sí ìyá mi.

“Tó bá ti dúdú,” ló wí, “kí ẹ gbé e padà wá fún mi fúnra yín.”

Ìyá mi so ó mọ́ etí ìró wọn. Lọ́nà ilé, wọn ò dárúkọ tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì dúró títí ọjọ́ wọn fi pé.

Wọ́n ti padà sí Abẹ́òkúta báyìí. Lọ́jọ́ Sunday, ọ̀rẹ́ mi máa ń wọ bọ́ọ̀sì wá sí Ongar, a ó sì pe ìyá mi lórí fóònù. Wọ́n á tú etí ìró, wọ́n á na owó náà sójú kámẹ́rà. Ọ̀rẹ́ mi á wò ó, á ní kò tíì dúdú. Ìyá mi á ní bóyá àwọn ò làágùn tó.

Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, wọn ò bá wa ṣàwàdà. Wọ́n ní, “Àárò yín ń sọ mí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ físà mi. Owó yìí ti dúdú, ẹ bi bàbá.” Mo wò ó. Ó pọ́n bíi tòmátì. Ni mo bá gbé fóònù fún ọ̀rẹ́ mi. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ó gbé fóònù náà sún mọ́ ojú, ó sì wò ó pẹ́ ju bó ṣe máa ń wò ó lọ.

“Sọ fún wọn pé ó ti dúdú,” ló wí. “Mo rí i kedere.”