Ọwọ́ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Yà

Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ Minobe Hatsue, inú ló máa ń bí mi, mi ò sì ní díbọ́n bí ẹni pé kò bí mi. Ẹni tó bá fẹ́ ìtàn tútù kó lọ bá ẹlòmíràn.

Ilé iṣẹ́ wa kò ju yàrá mẹ́ta lọ, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Kami-Igusa. Ánímè la ń ṣe níbẹ̀, àwọn eré aláwòrán tí wọ́n ń gbé jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀gá ayàwòrán á ya ibi tí ọwọ́ ti gbéra, á sì ya ibi tó dé. Gbogbo ohun tó wà láàárín méjèèjì, àwa la ni ín. Bí ọmọbìnrin kan bá gbé ìkòkò tíì nínú eré, àwa la bá a gbé e, lórí ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù. Kò sì sí ìwé tó lè jáde níbẹ̀ láìkọ́kọ́ gba ọwọ́ Minobe-san, bí a ṣe ń pè é tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kọjá.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń jókòó sórí àga yẹn, lórí tìmùtìmù tí ìyá rẹ̀ rán fún un. Á ki ìwé márùn-ún bọ àárín ìka, á máa ṣí wọn lọ ṣí wọn bọ̀, á sì mọ èyí tí ìka kan ti gùn ju ti ìṣáájú lọ. Kì í pariwo mọ́ni. Á kàn dá ìwé náà padà sórí tábìlì rẹ, á fi ìrẹsì kan tí wọ́n dì bíi bọ́ọ̀lù tì í, torí ó mọ̀ pé o ò tíì jẹun. Ìyá Nọ́mbà là ń pè é lẹ́yìn, nítorí òfin rẹ̀ kan ṣoṣo: ìwé tí kò bá ti ní nọ́mbà lókè lápá ọ̀tún, kò sí ẹni tó yà á. Ìwé ọ̀hún lè rẹwà bó ṣe wù ú, á dá a padà ni.

Nígbà tí wọ́n ní kí kálukú máa wo iṣẹ́ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, a fi Minobe-san rẹ́rìn-ín dáadáa. Àwa yòókù kàn mú pílẹ́yà tó bá wà nílẹ̀, ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wo eré, èyíkéyìí tó bá ṣáà ti lè ṣí fídíò. Òun lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko kó tó yan tirẹ̀. Ó ní eré kúkúrú kan tó fi ń dán wọn wò, níbi tí ọmọbìnrin kan ti ń ká aṣọ ìbora. Òun fúnra rẹ̀ ló yà á nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ìwé méjìlélógójì ló sì jẹ́. Á ṣí i, á máa tẹ bọ́tìnnì díẹ̀díẹ̀, á sì máa kà á sókè nígbàkígbà tí àwòrán bá yí padà, bí ẹni tó ń ka ẹyin sínú agbọ̀n.

Pílẹ́yà àkọ́kọ́ mú kí àwọ̀ dán ju bí wọ́n ṣe kùn ún lọ, ó yọ ọ́ kúrò. Èkejì kì í dúró kí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jáde níparí eré kọjá tán, á ti fò wọ eré tó kàn. Ìyẹn bí i nínú tó bẹ́ẹ̀ tó fi bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìwọ, ṣé ẹni tó ṣe ọ́ kò ní orúkọ ni?" Ẹ̀kẹta lẹ́wà, eré ń ṣàn nínú rẹ̀ geere, ṣùgbọ́n nígbà tó kà á tán, mẹ́tàlélọ́gọ́rin ló bá. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá bi wá pé níbo ni mọ́kànlélógójì ti wá, àbí ta ló wọlé wá yà á fún òun. Ẹ̀kẹrin kò tilẹ̀ lè ṣí i. Àfi ẹ̀karùn-ún, eléérú kan báyìí tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan lára, òun ló ka méjìlélógójì géérégé.

Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Minobe-san, pílẹ́yà tẹ́ ẹ mú yìí mà burẹ́wà o."

Ó ní, "Kanae, ṣé òun ni mo fẹ́ máa wò?"

Ẹ wá gbọ́ ti Kuramochi. Òun ni ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ wa, ọkùnrin tí kò lè fi pẹ́ńsùlù ya àgbọn lásán. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà tuntun fún un, gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń pè wá wò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday kan, ó dúró sí àárín yàrá, ó na ìwé kan sókè kí gbogbo wa lè rí i. Àwòrán ọwọ́ ọmọbìnrin tó gbé ìkòkò tíì ni, láti inú apá kẹta eré wa, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Àwọn ìka yọ́ mọ́ra wọn, àtàǹpàkò sì jẹ́ méjì.

Ó ní, "Minobe-san, ẹ wo ohun tẹ́ ẹ fọwọ́ sí."

Ó ní àwọn tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ eré ló fi eré náà ránṣẹ́, ó ní òun ṣí i lórí kọ̀ǹpútà òun, òun sì fi ojú òun méjèèjì rí ọwọ́ yìí kí òun tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ó ní ojú Minobe-san ti ń ṣe bàìbàì. Ó ní láti apá kẹrin lọ, òun á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò níparí eré, tó bá sì di ìparí oṣù, òun á gbé iṣẹ́ àyẹ̀wò fún ilé iṣẹ́ mìíràn. Gbogbo èyí lójú ènìyàn mọ́kànlá, lójú àwọn tó kọ́ níṣẹ́.

Minobe-san bi í pé, "Nọ́mbà mélòó ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ nọ́mbà. Ohun tí aráyé rí ni wọ́n rí."

Èmi ni mo ya ọwọ́ yẹn. Ìwé mẹ́rìnlá ni, mo sì mọ̀ dájú pé mi ò ya àtàǹpàkò méjì. Ẹnu mi ló yẹ kó kọ́kọ́ là lọ́jọ́ yẹn. Ńṣe ni mo ń gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsùlù tó ti mú tẹ́lẹ̀. Minobe-san tẹrí ba fún Kuramochi, ó jókòó, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ títí a fi ṣíwọ́. Inú bí mi sí Kuramochi, inú bí mi sí títẹ̀ tó tẹrí ba yẹn, àmọ́ èyí tó bí mi sí ara mi ló pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ kejì, ó pè mí pé kí n wá bá òun gbé nǹkan. A lọ sí ibi tí wọ́n ń kó àwọn àpò ìwé eré tó ti kọjá sí, a sì fa ti ìkòkò tíì yọ. Ó wọ ọ́fíìsì Kuramochi, ó to ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá sórí tábìlì rẹ̀, láti orí kìíní dé ìkẹrìnlá, ó ní kó bá òun mú ọwọ́ burúkú náà jáde. Kuramochi wá a títí. Àtàǹpàkò kọ̀ọ̀kan ló wà lórí gbogbo wọn.

Minobe-san wá ní kó ṣí eré náà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tuntun, kó máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Òun ń fi ìka tọ́ka sí ìwé tó bá a mu bí ó ti ń lọ: ìkẹrin rèé, ìkarùn-ún rèé. Lẹ́yìn ìkarùn-ún, ọwọ́ tó yọ́ yẹn jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìkẹfà.

"Nọ́mbà mélòó nìyí, Kuramochi-san?"

Pílẹ́yà ẹ̀kẹta tí Minobe-san ti lé lọ sẹ́yìn ló wà lórí kọ̀ǹpútà ọkùnrin yìí. Kí eré lè máa ṣàn geere, ó ń wo àwòrán méjì, ó sì ń dọ́gbọ́n fi òmíràn há àárín wọn. Níbi tí ọwọ́ bá ti yára, kò mọ ìka tó jẹ́ ti ibo. Minobe-san wọ inú ètò rẹ̀, ó pa ohun tó ń há àwòrán sáàárín yẹn, ó sì tún eré ṣí. Ọwọ́ ọmọbìnrin náà gbé ìkòkò bí mo ṣe ní kó gbé e.

Mo rò pé ojú á ti ọkùnrin náà. Ńṣe ló rẹ́rìn-ín. Ó ní nǹkan ńlá mà lèyí o, kọ̀ǹpútà ń dá ya àárín fúnra rẹ̀, bí wọ́n bá tún un ṣe díẹ̀ sí i, á mọ̀ ọ́n yà.

Minobe-san wò ó. Ó ní, "Ó ya àtàǹpàkò méjì, ẹ gbà á gbọ́ jù mí lọ. Ohun tẹ́ ẹ sọ lójú gbogbo wọn lánàá, ẹ bọ́ síta kẹ́ ẹ lọ sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀."

Kuramochi ní iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ó ní òun á pe àwọn tó ń to orúkọ, wọ́n á dá tirẹ̀ padà kí apá kẹrin tó jáde lọ́jọ́ Friday. Ó gbé fóònù sókè lójú wa, bóyá ó pè bóyá kò pè. A kó ìwé wa jáde, kò sì sí ẹni tó sọ nǹkan kan fún àwọn tó wà ní yàrá iṣẹ́.

Lọ́sàn-án Monday, nígbà oúnjẹ, gbogbo wa pé sẹ́yìn àga Minobe-san. Ó ṣí apá kẹrin lórí pílẹ́yà eléérú rẹ̀, ó sì lọ tààrà sí ìparí. Orúkọ ń gòkè. Ibi tí orúkọ olùyẹ̀wò máa ń wà kọjá, orúkọ ilé iṣẹ́ kan tí a ò mọ̀ rí ló wà níbẹ̀. Ó dá a padà, ó ń tẹ bọ́tìnnì lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sábẹ́ ahọ́n. Ó tún dá a padà. Pílẹ́yà yẹn kò fi kún un, kò yọ kúrò nínú rẹ̀.

Ó wá dúró lórí orúkọ kan, ó fi ẹ̀yìn pẹ́ńsùlù kan ojú kọ̀ǹpútà, ó sì yíjú sí mi.

Ó ní, "Kanae, tìrẹ rèé. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa."