Òkú Tó Kúnlẹ̀ Kí Bàbá Olùkọ́

Lánàá, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa ládùúgbò Dowa, mò ń ṣa ẹ̀wà, nígbà tí fóònù ọlọ́kadà kan dún lápò rẹ̀. Kì í ṣe agogo ló dún o. Ohùn ọmọdébìnrin kan ló jáde, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń gbọ̀n: "Ẹ kúulé o, Bàbá." Ohùn àgbàlagbà kan sì dáhùn: "Káàbọ̀, ọmọ mi. Ilé ńkọ́?" Ọmọkùnrin náà gbé fóònù sétí, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé ìyá arúgbó tó ń ṣa ẹ̀wà yìí ló ni ohùn yẹn. Mo ń ṣa ẹ̀wà mi lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń wo sinimá lórí àtẹ́lẹwọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí à ń pè ní Fòfó, ń ya fọ́tò ládùúgbò Djègan-Kpèvi, nínú yàrá kan tó fi aṣọ dúdú bo fèrèsé rẹ̀. Àfi bó ṣe dédé ní sinimá lòun fẹ́ ṣe, sinimá abanilẹ́rù, ti ayé ìgbà tí àwọn òyìnbó Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nínú rẹ̀, olówó kan ti ìyàwó rẹ̀ tuntun sínú ọ̀sà, ìyàwó náà wá jí dìde láti gbẹ̀san. Bàbá wa ní ẹ̀ẹ̀kan péré lòun gbà fún un. Bí sinimá náà bá dójú tì wá, kó palẹ̀ kámẹ́rà mọ́, kó lọ bá àbúrò òun ta sìmẹ́ńtì ní Kùtọnu. Sìmẹ́ńtì! Fòfó mi, tí eruku díẹ̀ máa ń mú wúkọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Èmi ni òkú. Láfún ni wọ́n fi kun ojú mi, epo pupa ni ẹ̀jẹ̀. Ilé Àgùdà àtijọ́ kan tí fèrèsé onípákó rẹ̀ ti ń já bọ́ la lò, bí ẹ bá sì tẹ́tí dáadáa, ẹ óò gbọ́ alùpùpù tó ń kọjá láyé àwọn baba ńlá wa. Bàbá Olùkọ́, tó ń kọ́ wa ní Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi, ló ṣe olówó ìkà.

Kámẹ́rà fídíò tí a lò, yíyá ni. Ẹni tó ni ín ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo aago, ìran ìkẹyìn ló sì kù. Ohun tí Fòfó ní kí n ṣe kò ju kí n wọlé, kí n fún Bàbá Olùkọ́ lọ́rùn. Mo wọlé. Mo rí bàbá lórí àga. Kí n tó mọ̀, orúnkún mi ti kanlẹ̀: "Ẹ kúulé o, Bàbá." Òun náà gbàgbé ara rẹ̀, ó kí mi káàbọ̀, ó béèrè ilé. Mo dìde, mo sì fún un lọ́rùn pa.

Kò sáyè láti tún un yà. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí a kọ́kọ́ fi hàn nínú yàrá fọ́tò, gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín dé ibi pé obìnrin kan já bọ́ lórí bẹ́ńṣì. Ojú Bàbá wa le koko. Fòfó jáde, kò wẹ̀yìn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò bá mi sọ̀rọ̀, mo sì sunkún títí ojú mi fi wú, torí mo gbà pé mo ti ba ayé ẹ̀gbọ́n mi jẹ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó ń di ẹrù Kùtọnu lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ìyá kan kan ilẹ̀kùn. Wọ́n kó ọmọ lẹ́yìn rẹpẹtẹ.

"Ṣé ibí ni òkú tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé wà? A fẹ́ káwọn ọmọ yìí wò ó. Òkú pàápàá ń kí àgbà!"

Háà! Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n wò ó, wọ́n mú ẹlòmíì wá. Kásẹ́ẹ̀tì náà gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá, ó dé Àgbádárìgì, ó dé Èkó. Bàbá wa fúnra rẹ̀ ló wá ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ sìmẹ́ńtì mọ́.

Ilé Àgùdà yẹn ti wó. Bàbá Olùkọ́ ti sùn nínú Olúwa. Yàrá fọ́tò ti di ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, lọ́jọ́ kejì Àjíǹde, àwọn ọ̀dọ́ máa ń kun láfún sójú wá wo òkú wa ní gbọ̀ngán ìlú, bí mo bá sì ti kúnlẹ̀ nínú sinimá, gbogbo gbọ̀ngán á kúnlẹ̀ wìì. Àwọn tó ń sọ pé ọmọ òde òní ò mọ ìkíni, kí wọ́n wá síbẹ̀ wá wò wọ́n.

Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, bí wọ́n bá bi Fòfó bó ṣe ronú kan ìkúnlẹ̀ yẹn, ẹ̀rín músẹ́ ló máa ń rín, bíi pé òun ló gbèrò rẹ̀. Èmi náà á panu mọ́. Lọ́dún yìí, ọmọbìnrin kan tún bi í. Fòfó fọ̀pá tilẹ̀, ó dìde, ó nawọ́ sí mi níbi tí mo jókòó sí.

"Èmi kọ́ o. Àbúrò mi nìyẹn. Mo bínú sí i lọ́jọ́ náà, ká ní mo ráyè ni, mi ò bá ti yọ ọ́ kúrò. Ohun tí mo fẹ́ yọ yẹn ló bọ́ mi títí dòní."

Gbọ̀ngán hó yèè. Wọ́n gbé mi dìde, wọ́n ń pariwo orúkọ mi. Ẹ wò ó, mo sunkún lójú gbogbo ayé, mi ò tijú rárá.