Ohùn Inú Kọ̀ǹpútà Ọ̀gbẹ́ni Ayẹni

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Wọn ò mọ Ọ̀gbẹ́ni Olúṣẹ̀yẹ Ayẹni ni, olùkọ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Bódìjà.

Ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni. Ọdún kọkànlá rèé tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Adùnọlá, ìyàwó rẹ̀, kọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ ṣe ní Àbújá sílẹ̀, ó ní, "Èmi ni ojú yín báyìí, Bàbá Òkìkí." Òun ló ń ka lẹ́tà fún un nínú ilé wọn ní Akóbọ̀, òun ló ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì, òun ló ń ka orúkọ oògùn. Kò sí ohun tó jẹ́ ti Ayẹni nìkan mọ́ àfi ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà náà ní ètò kan tó ń ka ohunkóhun tó bá kọ jáde. Ohùn òyìnbó ni. Bó bá ń ka Yorùbá, ńṣe ló máa ń rún un wómúwómú. Odidi ọdún kan ni Ayẹni fi kọ́ etí kó tó gbọ́ ọ, ẹlòmíràn kò sì lè gbọ́ ọ. Adùnọlá á jókòó tì í, á máa ṣa ẹ̀wà, á ní, "Òyìnbó yín tún ti ń ṣépè fún yín." Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ni òyìnbó ń sọ.

Ohun tí òyìnbó ń sọ ni pé Ayẹni ti gbàgbé ojú ìyàwó rẹ̀. Ojú ìyá rẹ̀ tó ti kú ṣì wà lọ́kàn rẹ̀, ti olùkọ́ tó kọ́kọ́ nà án pàápàá wà níbẹ̀. Ti obìnrin tó fi ayé rẹ̀ jìn ín ni kò sí. Ṣé ó ṣeé sọ fún un? Kọ̀ǹpútà ló ń sọ ọ́ fún. Fáìlì kan ṣoṣo ló sì ń lò fún ohun gbogbo, nítorí fífi etí wá fáìlì kì í ṣe iṣẹ́ kékeré: ìbéèrè ìdánwò díẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀ díẹ̀, ìbéèrè míì.

Kabir tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Mọ́kọ́lá ti kìlọ̀ fún un. "Sà, kọ̀ǹpútà yín ti dàgbà. Àwọn tó ṣe Windows inú ẹ̀ ò tọ́jú ẹ̀ mọ́. Tó bá ní kẹ́ ẹ ṣe update, ẹ ní rárá." Oṣù mẹ́ta ni Ayẹni fi ń ní rárá. Ṣùgbọ́n ohùn náà fúnra rẹ̀ ló ń béèrè láràárọ̀, ohùn tó ti ń tọ́ ọ sọ́nà láti ọdún mẹ́wàá! Lọ́jọ́ Wẹ́sídeè, ó gbà. Ohùn náà sọ ìdajì ọ̀rọ̀ kan, ó dákẹ́.

A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Lọ́jọ́ kejì, Ayẹni gbé e lọ fún Kabir, ó ní ìbéèrè ìdánwò tí òun máa fi ránṣẹ́ síléèwé wà nínú rẹ̀. Kabir ṣe é títí, ó tì. "Ohùn tuntun ò bá kọ̀ǹpútà yín mu, sà, ó sì ti pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Àfi kẹ́ ẹ ra òmíràn. Ẹ jẹ́ n bá yín ka ìbéèrè yẹn jáde." Oníbàárà mẹ́rin ló dúró sí ṣọ́ọ̀bù náà, gbogbo wọn ló máa gbọ́. Ayẹni gba kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń lọ sílé.

Lọ́jọ́ Fúráídè, píríńsípà pè é. "Ìbéèrè ìdánwò tiyín nìkan ló kù, sà. Tó bá di aago mẹ́rin tí kò tíì dé, Ọ̀gbẹ́ni Wándé ló máa gba kíláàsì yín." Ayẹni gbìyànjú láti rántí ogójì ìbéèrè náà. Mọ́kànlá ló rántí. Nígbà tí aago méjì kọjá, ó juwọ́ sílẹ̀.

"Ìyá Òkìkí, wá bá mi kà á. Ìbéèrè nìkan o. Èyí tí kì í bá ṣe ìbéèrè, fò ó. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́."

Adùnọlá kì í tanni jẹ. Ohun tí wọ́n ní kó fò, ó fò ó. "Kí ni ìyàtọ̀ láàárín òwe àti àkànlò èdè? Oríṣi gbólóhùn mélòó ló wà?" Bó ti ń kà á ló ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Ó dé orí ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n, ọkàn Ayẹni bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀.

"Báwo ni imú Adùnọlá ṣe rí?" Ó rẹ́rìn-ín. "Háà, èmi náà ti wọ ìdánwò!" Ó ń kà á lọ, nítorí ìbéèrè ṣáà ni. "Ṣé ó ní èéjí àbí kò ní? Ta ni mo lè bi, tí kò ní lọ sọ fún un?"

Ẹ̀rín náà ti tán. Adùnọlá bi í.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó tó ọdún mẹ́ta."

"Ta ni ẹ wá ń rí, tí ẹ bá ń bá mi sọ̀rọ̀?"

Ayẹni wá irọ́ kan tó dára, kò rí. "Kò sẹ́ni tí mò ń rí."

Adùnọlá ka mẹ́rìnlá tó kù láìdúró. Nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí píríńsípà. Ìbànújẹ́ dorí Ayẹni kodò. Ó na ọwọ́ síbi tí ohùn ìyàwó rẹ̀ ti ń wá, kí ó lè fọwọ́ kan ojú náà, kí ó tún un mọ̀. Ẹ̀yìn àga lọ́wọ́ rẹ̀ bà. Adùnọlá ti dìde níbẹ̀, kò mọ ìgbà tó dìde.