Eku Funfun Tí Waliyat Fi Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ eku ni Waliyat sọ kẹ́yìn kó tó kú. Kò béèrè ìyá wọn, kò béèrè omi. Ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ojú rẹ̀ pọ́n bí epo, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ti fún àwọn ọmọ mi lóúnjẹ?"

Àlímì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní òun ti fún wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá mi tọ́jú wọn."

Ó sùn. Kò jí mọ́. Àìsàn fòníkúfọ̀ladìde ni, èyí tó ti ń bá a jà láti kékeré. Lọ́jọ́ yẹn, ó fòní kú, kò fọ̀la dìde.

Àwọn ọmọ tó ń wí, eku méjì ni. Eku funfun olójú pupa, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́ nílé ẹ̀kọ́ tó ń lọ. Bí wọ́n bá lò wọ́n tán, pípa ni wọ́n ń pa wọ́n. Waliyat bẹ olùkọ́ títí, ó gbé méjì wálé nínú páálí bàtà. Ó sọ ọ̀kan ní Bọ̀ọ̀lì, torí pé ó sanra bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó dùn-ún sun. Ó sọ èkejì ní Sísí, torí pé gbogbo ìgbà ló ń fọwọ́ nu ojú bí ọmọge tó fẹ́ jáde.

Àlímì ò ka eku kún nǹkan kan nígbà yẹn. Ní Ṣakí tí wọ́n ti wá, eku tí ọwọ́ bá tẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ ló ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sin Waliyat tán, tó padà sí yàrá tí àwọn méjèèjì jọ ń gbé ní Karu, lẹ́bàá Àbújá, bó ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí, eku méjèèjì dìde dúró lẹ́yìn wáyà. Wọ́n na imú sókè. Wọ́n ń gbóòórùn ẹni tó wọlé. Wọ́n rí i pé òun ni. Wọ́n padà lọ dùbúlẹ̀.

Àlímì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. Lọ́jọ́ náà ló pinnu pé àwọn eku yìí ò ní kú mọ́ òun lọ́wọ́.

Káfíńtà ni, ní Kugbo, níbi tí wọ́n ti ń ta àga àti bẹ́ẹ̀dì lẹ́bàá títì Nyanya. Ìwé ò wọ̀ ọ́ lórí. Pákó lọ́wọ́ rẹ̀ mọ̀. Ọgbẹ́ ọkàn tí ẹlòmíì ń fi ọtí pa, òun fi kan ilé fún eku. Ó ṣa àjẹkù pákó jọ, ó fá a títí ó fi ń dán. Ó gbẹ́ ojú ihò, ó ki igi bọ igi, kò kan ìṣó kankan mọ́ ọn. Ilé náà ní òkè, ó ní ìsàlẹ̀, ó ní àtẹ̀gùn. Oníbàárà kan tiẹ̀ dúró, ó béèrè bóyá títà ni. Àlímì wá bu èérún pákó tó ń jábọ́ lẹ́nu ìfági, ó fi tẹ́ ìsàlẹ̀ fún wọn. Ó nípọn, ó ń ta sánsán. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń da èérún náà jọ sí, inú òkìtì yẹn sì ni àwọn eku ilé ń sùn. Gbogbo Kugbo ló mọ̀. Kò sì sọ sí Àlímì lọ́kàn.

Kò pẹ́, Sísí bẹ̀rẹ̀ sí í họra. Bọ̀ọ̀lì náà mú un. Họ̀ọ̀, họ̀ọ̀, họ̀ọ̀, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ̀yìn ọrùn wọn bó. Àlímì ya irun Sísí sọ́tọ̀ lójú oòrùn, ó rí i: kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń rìn, ẹyin wọn sì lẹ̀ mọ́ irun bíi pé wọ́n fi gúlù lẹ̀ ẹ́. Iná ni. Ó jọ èyí tó máa ń wọ orí ọmọdé.

Ó sọ ọ́ fún Diméjì, tó ń kun àga ní ṣọ́ọ̀bù kan náà.

"Eku ní iná lára? Kai! Gbé e lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kó fá orí ẹ̀."

"Diméjì, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Yẹ̀yẹ́ kọ́ o. Tó bá sì sú ẹ, gbé wọn wá sílé. Ata ń bẹ, gààrí ń bẹ."

Àlímì ò rẹ́rìn-ín. Diméjì rí ojú rẹ̀, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. "Ó dáa, ọ̀rẹ́ mi, gbọ́. Inú pákó yẹn ni wọ́n sá pamọ́ sí. Kí là ń fi pa ohun tó bá wọ pákó?"

"Oògùn ikán."

"Ìwọ lo fẹnu ara ẹ sọ ọ́."

Àlímì kùn ún sára ilé eku náà bó ṣe ń kùn ún fún oníbàárà: inú, ẹ̀yìn, gbogbo kọ̀rọ̀. Ó gbé e sí oòrùn títí òórùn rẹ̀ fi lọ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀dì, aráyé ń sùn lé e, wọn kì í kú. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í jẹ bẹ́ẹ̀dì tó ń sùn lé. Eku ń jẹ ẹ́.

Bọ̀ọ̀lì tó lójú kòkòrò ló fi eyín họ àtẹ̀gùn. Nígbà tí Àlímì jí láti kírun àsùbáà, ó ti nà gbalaja, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Àlímì gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Ó fún un lómi, omi náà dà nù. Ó kàn ń pe orúkọ rẹ̀ ṣáá. Bọ̀ọ̀lì gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, ó sì dákẹ́.

Ó gbé e lọ sí Kugbo nínú ọ̀rá, torí kò sí ilẹ̀ tí wọ́n lè gbẹ́ nílé tó ń gbé. Diméjì ló bá a gbẹ́ ihò. Ó ń fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Mi ò rántí pé wọ́n ń jẹ pákó." Àwọn méjèèjì, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bú eku tó ń ba pákó wọn jẹ́.

Sísí ṣẹ́ kù. Ó ṣì ń họra.

Àlímì gbé e sínú ike, ó lọ bá Àǹtí Abọ́sẹ̀dé, ará Kàbà kan tó ń ta oògùn ẹran ọ̀sìn ní ọjà Karu.

"Ẹ káàsán, Àǹtí. Mo gbé aláìsàn wá."

"Adìyẹ ni àbí ewúrẹ́?"

"Eku ni, mà."

Obìnrin náà yọjú sínú ike. Ó wo Àlímì láti òkè délẹ̀. "Èmi tí mò ń ta oògùn eku, o gbé eku wá kí n wò ó sàn?"

Ọkùnrin kan tó ń sin adìyẹ, tó wá ra oògùn tirẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ bi í bóyá ó ti gba káàdì ọsibítù!"

"Eku àbúrò mi ni," Àlímì ní. "Àbúrò mi ti kú."

Àǹtí Abọ́sẹ̀dé fa àpótí kan sún mọ́ ọn. "Jókòó. Kí lo ti fi sí i lára?"

Ó sọ gbogbo ẹ̀ fún un.

"Oògùn ikán! Ẹ̀yin káfíńtà yìí, gbogbo nǹkan lẹ sọ di pákó." Ó gbé Sísí jáde, ó fẹnu fẹ́ irun rẹ̀, ó wo etí rẹ̀. "Fọkàn balẹ̀, iná eku kì í gun èèyàn. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n ń mu. Wo etí yìí, ó yẹ kó pọ́n. Ó ti funfun bíi bébà."

Ó mú oògùn abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún ewúrẹ́, ó fa bíńtín, ó fi òróró pò ó títí agbára rẹ̀ fi rọ̀. "Má dán an wò láti pò ó fúnra ẹ o. Èyí tí ewúrẹ́ ń gbà, tí eku bá gbà á bẹ́ẹ̀, ikú ni. Ẹ̀kán kan ṣoṣo, lẹ́yìn ọrùn, níbi tí ẹnu ẹ̀ ò ti ní dé."

"Ó parí nìyẹn?"

"Kò parí. Ó ń pa iná, kì í pa ẹyin. Ẹyin á di ọmọ, ọmọ á di ìyá. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wàá tún kán an, àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ilé onípákó yẹn, dáná sun ún. Ojú ihò tó o gbẹ́ yẹn ni wọ́n ń yé sí. Baàfù oníke ni kó o wá, kó o ya bébà sínú ẹ̀. Kì í ṣe èérún pákó o! Eku ilé ló kó iná sínú ìyẹn. Máa fi omi gbígbóná fọ baàfù náà. Kò gbówó, ìyọnu ẹ̀ nìkan ló pọ̀. Kí ló fi ń sùn?"

"Híjáàbù àbúrò mi."

"Sè é."

"Àǹtí, òórùn rẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀."

Àǹtí Abọ́sẹ̀dé ò wò ó lójú. Ó ń dé ìdérí oògùn. "Mo gbọ́," ó ní. "Sè é."

Ó sè é. Omi náà hó, àwọ̀ búlúù jáde lára híjáàbù. Ó fi igi rò ó, ó ń rò ó lọ. Nígbà tó gbẹ lórí okùn, ó gbé e sí imú. Ọṣẹ ló ń gbọ́. Sísí náà gbóòórùn rẹ̀, ó yí i po, ó fi í sílẹ̀, ó lọ sùn sórí bébà.

Oògùn tó kán sí i lẹ́yìn ọrùn náà ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, iná tó kú wà lórí bébà bíi yànmọ̀tí. Sísí ò họra mọ́. Àlímì sọ fún Diméjì, Diméjì ní, "Alhamdulillahi, ẹran ọbẹ̀ mi bọ́ nìyẹn." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí Àlímì ti rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ara Sísí ò le. Bóyá ẹ̀jẹ̀ tí iná ti mu ni. Bóyá òun náà ti tọ́ díẹ̀ wò nínú oògùn ikán. Bóyá àìrí ẹnìkejì rẹ̀ ni. Bébà tó ya fún un wà bó ṣe wà, kò fi kọ́lé. Ó kàn ń jókòó, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ọjọ́ ẹ̀kán kejì sì pé. Àlímì ya irun rẹ̀, ó rí àwọn ọmọ iná tuntun, tí wọ́n mọ́ gara, tí wọ́n ń rìn.

Ó pe Àǹtí Abọ́sẹ̀dé lórí fóònù.

"Ṣé ó ń jẹun?"

"Kò jẹun láti àárọ̀."

"Bí ara ẹ̀ bá rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, oògùn yẹn lè gbé e lọ."

"Tí mi ò bá wá kán an?"

"Iná á mu èyí tó kù lára ẹ̀."

"Kí ni kí n wá ṣe, Àǹtí?"

"Ọmọ mi, mi ò mọ̀. Màlúù ni mo mọ̀. Ewúrẹ́ ni mo mọ̀."

Àlímì di oògùn náà mú, ó gbé e sílẹ̀, ó tún mú un. Lẹ́yìn náà ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wá ìyarun eléyín wẹ́wẹ́. Ó gbé Sísí lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Èyí tí ìyarun bá mú, á fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Tàù. Ẹ̀jẹ̀ bíńtín. Á nù ún mọ́ ṣòkòtò, á wá òmíràn.

Ìyá rẹ̀ pè láti Ṣakí.

"Àlímì, kí lò ń ṣe?"

"Mò ń pa iná, Màámi."

"Ní orí ta ni?"

"Eku Waliyat."

Láti ìgbà ìsìnkú, ìyá kò tíì dárúkọ ọmọ náà, àfi "àbúrò rẹ." Àlímì rò pé á bínú.

"Iná kì í jẹ́ kí Waliyat náà sùn ní kékeré," ìyá ní. "Bí mo bá ń pa á fún un, orí ẹsẹ̀ mi ni á ti sùn lọ. Bí iná ò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ṣé á yè é?"

"Mi ò mọ̀, Màámi."

"Máa pa á lọ."

Kò pa fóònù. Àlímì gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, ó ń gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń mí. Sísí ti pajú dé. Kò mọ̀ bóyá oorun ni. Ó fi ìka kan ìhà rẹ̀. Ó ń mí, díẹ̀díẹ̀. Ó tún ya irun rẹ̀ sọ́tọ̀, ó rí ọ̀kan lẹ́yìn etí, ó mú un.